Ṣé ìdánwò Visual Basic tún máa padà wá?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún àwọn ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe. Nítorí náà, àwọn tó kọ́ Visual Basic, èdè Microsoft tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nílé ìwé, àti àwọn tí ètò tí wọ́n fi í kọ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn, kì í yé bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ibo ni mo ti lè ṣe ìdánwò Visual Basic ti Microsoft báyìí?

Kò sí mọ́, àbúrò. Nígbà tí Visual Basic 6 (VB6) jáde ní 1998, ó ní ìdánwò tirẹ̀: 70-175 àti 70-176. Nígbà tí Visual Basic ti .NET, ìpìlẹ̀ tuntun tí Microsoft ń gbé ètò lé lórí, dé ní 2002, òun náà ní tirẹ̀. 70-305 àti 70-306 wà lára wọn. C#, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn ti Microsoft, sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dà wọ́n pọ̀. Nínú 70-536, ìdánwò kan náà ni gbogbo yín jọ ń ṣe, ìwọ lo máa yan èdè tí o fẹ́ kí wọ́n fi kọ kóòdù inú ìbéèrè. Ìgbà tí 70-483 fi máa dé, C# nìkan ló kù lórí rẹ̀. Òun náà kógbá sílé ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2021, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n fòpin sí MCSD, sátífíkéètì wọn fún àwọn tó ń kọ ètò. Bí o bá to àwọn nọ́mbà wọ̀nyẹn tẹ̀ léra, wàá rí i pé ó pẹ́ tí èdè yìí ti ń rìn jáde nínú ìdánwò.

Ṣé èdè náà ti kú nìyẹn?

Kò kú. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Microsoft sọ pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún èdè náà mọ́, ṣùgbọ́n pé yóò máa ṣiṣẹ́ lọ nínú .NET. Ní ti VB6, ọdún 2008 ni wọ́n ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ọ́. Àmọ́ ohun tó ń gbé ètò rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣì wà nínú Windows títí dé Windows 11. Ètò tí ẹnì kan kọ ní 1999 ṣì lè ṣí láàárọ̀ ọ̀la.

Kí ló wá dé tí wọ́n pa ìdánwò rẹ̀ tì?

Ibí yìí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, nítorí pé WAEC là ń fi wò ó. Ìdánwò ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà yàtọ̀. Ọjà tó wà lórí àtẹ lónìí ló ń tẹ̀ lé. Ohun tí Microsoft ń tà báyìí ni Azure (kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) àti àwọn alájọrìn rẹ̀, iṣẹ́ tí èèyàn lè fi wọ́n ṣe ni wọ́n sì ń dán wò, kì í ṣe èdè tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú sátífíkéètì tuntun yìí, ọdún kan péré ni wọ́n ń lò kí o tó tún wọn ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ìdánwò kan bá kásẹ̀ nílẹ̀, ohun tó ń sọ fún ọ ni ibi tí olówó ọjà kọjú sí. Kò sọ pé ìmọ̀ rẹ ò wúlò mọ́.

Ta ló tún nílò ìmọ̀ àtijọ́ yẹn?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ètò tí wọ́n fi ń gbowó kọ̀, kò tẹ rìsíìtì mọ́. Àpótí kékeré kan ń yọ sójú kọ̀ǹpútà: "Run-time error '6': Overflow". Wọ́n ti rò pé fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n ti yẹ ẹ̀rọ náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi akápò pé nọ́mbà wo ló wà lórí rìsíìtì tó gbẹ̀yìn. Ó ṣí ìwé: 32,767.

Mi ò tíì jókòó tí mo ti mọ̀ ọ́n. Nínú VB6, Integer, irú àyè kan tí ètò ń fi nọ́mbà sí, kò lè gba nọ́mbà tó ju 32,767 lọ, Integer sì ni ẹni tó kọ ètò náà fi ka rìsíìtì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kóòdù rẹ̀ ṣì wà lórí CD kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sọ Integer di Long, àyè tó ń gba nọ́mbà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, rìsíìtì 32,768 sì jáde. Nínú Visual Basic ti .NET, Integer ń gba ohun tó ju bílíọ̀nù méjì lọ. Ẹni tó bá kọ́ ti tuntun nìkan yóò tẹjú mọ́ ìlà kan náà, kò ní rí àléébù kankan níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé kò sí ìdánwò tó ń bi ẹnikẹ́ni ní irú èyí mọ́.

Ọdún 2001 ni mo gba sátífíkéètì VB6 tèmi. Ṣé ó ti di bébà lásán?

Rárá o, sà. Ó yẹ kó ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ Microsoft. Ẹ kọ ọ́ sínú CV yín pẹ̀lú ọdún àti nọ́mbà ìdánwò náà.

Ẹnì kan ní kí n san owó, òun á bá mi gba sátífíkéètì Visual Basic ti Microsoft tuntun.

Má san kọ́bọ̀. Ohun tí kò sí ló ń tà fún ọ. Bí ó bá ní ti ilé ẹ̀kọ́ òun ni, béèrè orúkọ ẹni tó máa wà lórí rẹ̀ àti ẹni tó mọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ṣé ó wá lè padà lọ́jọ́ iwájú?

Láti ọ̀dọ̀ Microsoft, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí ètò tuntun lo bá fẹ́ máa kọ, kọ́ C#: orí .NET kan náà ni òun àti Visual Basic ti .NET ń ṣiṣẹ́, ohun tí o ti mọ̀ kò ní ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe lo fẹ́, mú ètò VB6 kan, gbé e lọ sí .NET, kí o sì tọ́jú kóòdù ti àtijọ́ àti ti tuntun pa pọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Èmi ti ń dán àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wò ní tèmi. Màá fún wọn ní kóòdù rìsíìtì yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà kí n tó tún un ṣe, màá ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tó máa kọṣẹ́ bí wọ́n bá ń tẹ ogójì rìsíìtì lójúmọ́. Títí di báyìí, ẹyọ ọ̀kan péré ló tíì rí i kí n tó fọhùn.