Ìwé ìbéèrè SDQ fún ọmọ tó ń gbé nílé ìtọ́jú

SDQ (Strengths and Difficulties Questionnaire) jẹ́ ìwé ìbéèrè kékeré tí wọ́n fi ń mọ bí ọkàn ọmọ ṣe rí àti ibi tí ọmọ náà ti dáa sí. Dókítà Robert Goodman, ará Bírítéènì, ló gbé e jáde ní 1997. Ọmọ ọdún 4 sí 17 ni wọ́n ń lò ó fún, ní England wọ́n fi ń wo ọmọ tó ti pé ọdún kan lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba. Ó lè wúlò dáadáa fún ilé ọmọ òrukàn ní ìlú bíi Kàbà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogí.

Ìbéèrè inú ẹ̀

Ìbéèrè 25 ni, wọ́n pín in sí ọ̀nà márùn-ún: ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́, ìwàkíwà, ara àìbalẹ̀, àárín ọmọ àti ẹgbẹ́ ẹ̀, àti inúure. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 0, 1 tàbí 2. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n ń rò pọ̀, 40 ló ga jù.

Inúure ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, torí wọn kì í rò ó mọ́ 40 yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé òun ló ṣe pàtàkì jù fún ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní oníwàhálà látọjọ́ tó ti dé. Ṣé ó máa ń pín nǹkan, ṣé ó ń ṣàánú ọmọ kékeré, ṣé ó ń ṣèrànwọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an? Lásìkò kajú, ọmọ tó ń bá gbogbo èèyàn jà lè jẹ́ ẹni tó ń já kajú fún àwọn kékeré kó tó jẹ tiẹ̀, bí ẹni tó ń kọ ìdáhùn ò bá rí i rí, 0 ló máa kọ síbẹ̀.

Ẹni tó ń dáhùn

Olùtọ́jú tàbí tíṣà lè dáhùn, ọmọ náà lè dáhùn fúnra ẹ̀ láti ọdún 11. Oṣù 6 tó kọjá ni wọ́n ń bèèrè nípa ẹ̀, nítorí náà màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ nílé ìtọ́jú lóṣù tó kọjá kọ́ ló yẹ kó kọ ọ́. Ọmọ tí ò lè kàwé, kí wọ́n kà á sí i létí níbi tí mátírọ́ọ̀nù ò sí, kí wọ́n fi ẹ̀ka èdè ilé ẹ̀, bíi Owé tàbí Yàgbà, ṣàlàyé fún un. Inú rírun wà lára àmì ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́, àmọ́ ibà àti aràn náà ń fà á, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ ọsibítù.

Máàkì

Nínú fọ́ọ̀mù olùtọ́jú, 0 sí 13 ò burú, 14 sí 16 gba àkíyèsí, 17 sókè ti ga. Ọmọ Bírítéènì ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n yìí, kò yẹ kí wọ́n fi òun nìkan dá ọmọ Òkun lẹ́jọ́. SDQ kì í sọ àìsàn tó ń ṣe ọmọ, ẹni tó yẹ kí onímọ̀ ìlera ọpọlọ rí ló ń tọ́ka sí. Fọ́ọ̀mù mìíràn wà tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà, láti wò ó bóyá nǹkan ti yàtọ̀.