Ẹ Má Fi Òjò Kan Ṣoṣo Gbin Àgbàdo

Láti ìparí oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, ìbéèrè kan náà ni àwọn àgbẹ̀ Ọdẹ́dá àti Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, máa ń bi àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn oko: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òjò ti dé ni, àbí ó kàn ń tàn wá?" Ìbéèrè ńlá ni. Ẹni tó bá gbin àgbàdo sórí òjò àkọ́kọ́, tí òjò wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbàdo rẹ̀ á hù, oòrùn á sì pa á. Owó irúgbìn lọ, owó lébìrà lọ, kò sì sí ẹni tó máa dá a padà. Èmi kì í fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ẹni tó bá mọ ibi tí òjò ti ń wá àti ohun tó ń gbé e rìn lè dá ara rẹ̀ lóhùn.

Nàìjíríà fẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 923,768 kìlómítà níbùú lóròó, láti etí òkun dé ibi tó ti bá orílẹ̀-èdè Niger pààlà lókè sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà. Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀. Ó gbẹ, ó ń la ètè, eruku ló ń rù wá. Òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Púpọ̀ nínú eruku yẹn ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ tán. Ìkejì ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, omi ló kún inú rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan, oòrùn ló ń fà á kiri. Nínú oṣù kìíní, á sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìtòsí etí òkun, ọyẹ́ á wá gba gbogbo ilẹ̀ wa kan. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti gòkè kọjá ààlà wa lápá àríwá, ó ti wọ Sàhárà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyí: òjò kì í rọ̀ lójú ibi ìpàdé yẹn gan-an. Níbẹ̀, atẹ́gùn òkun tó wọlé fẹ́lẹ́ bí ẹnu ọ̀bẹ, atẹ́gùn aṣálẹ̀ sì gùn ún lórí, àwọsánmà kò lè rí àyè ga. Ó di ìgbà tí ojú ìpàdé bá ti fi ọ̀pọ̀ kìlómítà kọjá wa sókè, tí atẹ́gùn òkun sì ti nípọn lórí wa, kí òjò gidi tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ooru bá ń mú wa lóru ní Abẹ́òkúta níparí oṣù kejì, tí òógùn ò jẹ́ kí aṣọ gbé lára, atẹ́gùn òkun ti dé nìyẹn. Òjò kò tíì dé.

Èyí tó máa ń kọ́kọ́ rọ̀, ìjì ló ń gbé e wá. Ẹ wo ọ̀run dáadáa lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìwọ̀ oòrùn ni omi inú rẹ̀ ti wá, àmọ́ apá ìlà oòrùn, lọ́nà Ìbàdàn, ló ti ń ṣú bọ̀. Ó ń sáré lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó ń ká páànù, ó ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó lè rọ̀ gidi ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ kí ilẹ̀ Ọbáńtokò gbẹ táútáú. Òjò ìjì ni. Ó ń kọjá lọ ni.

Nítorí náà, bí òjò àkọ́kọ́ bá dá, ẹ mú àdá, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Òkè rẹ̀ á ti dúdú, á tutù. Ìwọ̀n ìka méjì nísàlẹ̀, ẹ ó bá erùpẹ̀ pupa tó gbẹ, tó ń fò lọ bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ yẹn kò tíì mu omi. Ẹ dúró de òjò kejì, tó bá ṣe é ṣe ẹ dúró de ìkẹta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbẹ́ ẹ jìn tó ìka ọwọ́ yín ní ìdúró, tí ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, tí ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tó sì dì tí kò tú, ẹ gbin àgbàdo yín. Lágbègbè wa níbí, àárín ìparí oṣù kẹta sí ìdajì oṣù kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí. Ẹ má fi ti ará Èkó tàbí ti ẹni tó pè yín láti Calabar ṣe. Òjò tí Calabar ń gbà lọ́dún tó nǹkan bíi 3,000 mìlímítà. Tiwa kò ju bíi 1,200 lọ. Ti Maiduguri sì ń lọ sí bíi 600. Ojú ọ̀run kan ló bo gbogbo wa, ṣùgbọ́n oko kọ̀ọ̀kan ní òjò tirẹ̀.

Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Ọ̀run á ṣú lójoojúmọ́, ara á tutù, àwọn aláró Ìtòkú á máa ráhùn pé àdìrẹ kò tètè gbẹ, síbẹ̀ òjò ńlá á wọ́n. Àwọn kan á ní wọ́n ti di òjò mú. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Ibi ìpàdé atẹ́gùn méjèèjì ló ti jìnnà sí wa jù, òjò ńlá sì bá a lọ. Oṣù kẹjọ yìí gan-an ni òjò ń pọ̀ jù lọ́dún ní Kano àti Sokoto. Èkejì ni pé òkun tó wà níwájú Ghana, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ máa ń tutù lásìkò yẹn, torí omi ìsàlẹ̀ ń rú wá sókè. Atẹ́gùn tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í ga tó ohun tó ń di òjò ààrá. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, tí ibi ìpàdé ń padà sọ̀ kalẹ̀, òjò àrọ̀kúrò á dé. Ẹ fi ìsinmi yẹn ro oko, kí ẹ tọ́jú ilẹ̀ àgbàdo kejì sílẹ̀, kí ẹ sì yan irú èyí tó ń gbó láàrin oṣù mẹ́ta, nítorí òjò kì í pẹ́ wọ oṣù kọkànlá kó tó lọ.

Òkun tútù yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó kìjikìji já láàrin Ghana àti Bẹ̀nẹ̀, tí ọ̀dàn fi sún mọ́ etí òkun níbẹ̀. Àwa gan-an wà lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ bá mi lọ sápá Ìjẹ̀bú, ìrókò àti arère lẹ ó rí. Igbó ìjọba Ọmọ wà níbẹ̀, èyí tí àjọ àgbáyé UNESCO fọwọ́ sí lọ́dún 1977, erin ṣì ń gbé inú rẹ̀ di òní. Ẹ wá gba ọ̀nà òkè láti Ọdẹ́dá, ẹ ó máa rí igi ìyá àti igi igbá tí à ń rí irú lára rẹ̀, koríko á sì ga ju èèyàn lọ. Púpọ̀ nínú ọ̀dàn tiwa yìí, igbó ni láyé àtijọ́. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ tó láti gbé igbó ró. Oko ló kọ́kọ́ ṣí i, iná ni kò sì jẹ́ kó padà. Ó ń dùn mí gan-an lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn kan á dáná sun pápá nítorí ọ̀yà méjì mẹ́ta. Ọmọ igi tó ti fi ọdún mẹ́rin dàgbà ń jóná láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná á tún jó ewé tó yẹ kó jẹrà di ọ̀rá fún ilẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ okùn. Ẹ fi iná sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ omíyalé. Oríṣi méjì ló ń bá wa jà, ọ̀tọ̀ sì ni bí a ṣe ń sá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpáta ló wà lábẹ́ Abẹ́òkúta, ìlú wa, erùpẹ̀ tó bò ó kò nípọn níbi púpọ̀. Òjò tó bá rọ̀ kíkankíkan kò ríbi wọlẹ̀, á gba orí àpáta àti páànù ya wá sí ojú ìṣàn tí a ti kọ́lé dí. Irú rẹ̀ ló gba ẹ̀mí láàrin ìlú lóṣù keje ọdún 2018. Èyí máa ń yá. Wákàtí díẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. (Àpáta yìí náà ló fà á tí kànga ọ̀pọ̀ adúgbò fi ń gbẹ kí oṣù kejì tó pé: omi tó wà nínú erùpẹ̀ òkè àti níbi tí àpáta ti sán kò pọ̀.)

Èkejì kì í yá, kì í sì í fi ọ̀run ṣe àmì. Odò Ògùn tó gba Láfẹnwá kọjá, lápá Ṣakí lókè lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀. Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí dáàmù rẹ̀ lọ́dún 1983, ń da omi tirẹ̀ sínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú òjò Òkè-Ògùn ló ń gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìṣẹ́rí àti ọ̀sà Èkó. Láti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, dáàmù á kún, wọ́n á sì ní láti tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà wó. Nígbà yẹn, oòrùn lè máa ràn ní Abẹ́òkúta kí odò sì máa ga sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí odò, ẹ yan òkúta tàbí òpó kan tí odò ń kàn, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i lára, kí ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ga léraléra láìsí òjò, ẹ kó àwọn ọmọ àti ẹrù lọ sókè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ máa gbọ́ rédíò pẹ̀lú: NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, ń kéde bí òjò ọdún ṣe máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, NIHSA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ omi odò, sì ń kéde àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè bò. Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ sí àkúrọ̀ létí Ògùn, kó kórè kí oṣù kẹsàn-án tó gorí. Bí omi bá fà lóṣù kọkànlá, ẹrẹ̀ tuntun tó bá fi sílẹ̀ dára fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ẹ lè fún un sí i lọ́sẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti le tó láti tẹ̀.