Git kì í gbàgbé: ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń kó sí i

Ó ti sú mi kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù máa bi mí pé kọ̀ǹpútà wo ni kí àwọn rà kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ jẹ́ kí n rí fódà yín ná. “Ise-final”, “ise-final2”, “ise-final-gangan” ni mo ń bá níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà olówó gọbọi kò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Git ni kí ẹ lò, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí ẹ bá ṣe sí kóòdù yín. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, ló ṣe é lóṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí wọ́n gba àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ BitKeeper, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó ṣáájú Git, kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ Linux. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà kò le rárá.

Commit kéékèèké ni mo fẹ́ kó wọ̀ yín létí; commit ni àyípadà tí ẹ ní kí Git fi pamọ́. Iṣẹ́ kan, commit kan, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi ṣe é sí i. “Update” kì í ṣe ìdí! Ká ní nǹkan bàjẹ́ láàárín commit 1,000, tí ẹ sì mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa gbẹ̀yìn, ẹ pe git bisect, àṣẹ Git tó ń wá commit tó ba iṣẹ́ jẹ́. Á bọ́ sí àárín, ẹ ó dán an wò, ẹ ó sọ fún un bóyá ó dára tàbí ó bàjẹ́. Á ju ìdajì nù, á tún bọ́ sí àárín èyí tó kù. Bí ẹ bá dán an wò bí ìgbà 10, ó ti mú ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sínú commit kan, kí ni ẹ fẹ́ kó mú fún yín?

Àwọn tó ń ta “àṣírí” lórí WhatsApp, pé ẹ ó di ọ̀gá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ní sọ èyí fún yín. Wọn ò ní sọ èyí tó kàn yìí náà.

Ọmọkùnrin kan kọ kọ́kọ́rọ́ API (ọ̀rọ̀ àṣírí tí ètò kan fi ń bá ètò mìíràn ṣiṣẹ́) tí oníbàárà rẹ̀ fi ń gba owó sínú kóòdù, ó sì gbé e sórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ Git sí, ní gbangba. Nígbà tí wọ́n ta á lólobó, ó pa fáìlì náà rẹ́, ó ṣe commit tuntun, ó ní ó parí. Kò parí! Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ git log -p, àṣẹ tó ń fi àwọn àyípadà àtẹ̀yìnwá hàn, ṣì ń rí kọ́kọ́rọ́ náà kedere, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àwọn olè ń ṣa irú rẹ̀ lórí GitHub tọ̀sán tòru. Ẹ kọ́kọ́ fagi lé kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó fún yín, kí ẹ gba òmíràn, kí ẹ tó ronú nípa fífọ ìtàn Git mọ́. Tuntun náà, inú .env, fáìlì tí a ń kó àṣírí sí, ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì ti kọ .env sínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git kò gbọdọ̀ kó, kí ẹ tó ṣe commit kankan. Bí Git bá ti ń tọ́jú fáìlì kan tẹ́lẹ̀, .gitignore kò ní dá a dúró.