Ṣé Òótọ́ Ni Pé Dókítà Lè Rí Inú Ara Kí Ó Tó Là Á?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé awò ojú kan wà tí dókítà oníṣẹ́ abẹ lè wọ̀, tí yóò sì máa rí eegun aláìsàn láti ìta. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé awò náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe eegun gan-an ni dókítà ń rí. Àwòrán eegun ni, èyí tí ẹ̀rọ CT tàbí MRI ti yà, tí kọ̀ǹpútà wá tẹ́ lé ara aláìsàn lójú dókítà bí ẹni pé awọ ara ti di gíláàsì. Augmented reality, tàbí AR ní ìkékúrú, ni wọ́n ń pe ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín eegun àti àwòrán eegun sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ìbéèrè: Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ ibi tí yóò tẹ́ àwòrán náà sí?

Ìdáhùn: Nínú iṣẹ́ abẹ eegun, wọ́n sábà máa ń de àmì kan mọ́ eegun aláìsàn. Kámẹ́rà á máa wo àmì yìí àti irin iṣẹ́ ọwọ́ dókítà, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣírò bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ṣèèṣì kọ lu àmì náà tí ó sì yẹ̀, àwòrán kò ní bá ara mu mọ́, síbẹ̀ yóò ṣì máa hàn kedere bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ abẹ wo ni ó ti wúlò jù?

Ìdáhùn: Ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí xvision, ẹ̀rọ AR tí dókítà ń wọ̀ sójú, ti ilé iṣẹ́ Augmedics, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, lo AR láti fi síkúrúù mẹ́fà sínú ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn kan. Eegun le, kì í yí ìrísí padà, nítorí náà àwòrán rẹ̀ kì í tètè di irọ́. Dókítà kò sì ní láti máa gbójú kúrò lára aláìsàn lọ sí ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní ibi tí okùn iṣan ìmọ̀lára ti wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí mìlímítà díẹ̀ fi lè ba ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ́.

Ìbéèrè: Ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni ìṣòro wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1986 ni àwọn olùwádìí ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà, ti ròyìn bí wọ́n ṣe gbé àwòrán CT sínú maikirosíkóòpù iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Bí wọ́n bá ti ṣí agbárí, omi tó yí ọpọlọ ká á ṣàn jáde, ọpọlọ á sì rọ̀ sílẹ̀, nígbà mìíràn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Àwòrán tí wọ́n yà lánàá ṣì ń tọ́ka sí ibi tí kókó àìsàn inú ọpọlọ wà lánàá. Ti ẹ̀dọ̀ tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń lọ sókè sódò bí aláìsàn bá ń mí, ó sì ń yí ìrísí padà bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè ya àwòrán tuntun láàárín iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò.

Ìbéèrè: Ṣé kò ń dí ojú dókítà lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú awò HoloLens ti Microsoft, ojú ní láti wo àwòrán bí ohun tó wà ní nǹkan bíi mítà méjì, nígbà tí ọwọ́ dókítà kò jìnnà tó mítà kan. Ojú kò lè ríran kedere sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2013, tó fi hàn pé AR mú kí ọwọ́ àwọn dókítà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò tètè kíyè sí ohun tí wọn kò retí tó wà níwájú wọn. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí, àwòrán tó dára sì lè gba ojú náà mọ́ni lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Kí ni kí aláìsàn béèrè bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fún un?

Ìdáhùn: Kí ó béèrè bí dókítà yóò ṣe mọ̀ bí àwòrán bá yẹ̀. Ìdáhùn tó dára ni pé, kí ó tó gbẹ́ eegun, yóò fi ṣóńṣó irin kan ibi kan lára eegun tí ó mọ̀ dájú, yóò wò ó bóyá àwòrán gbà pé ibẹ̀ ni, bí kò bá sì gbà, yóò pa àwòrán náà, yóò sì ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti kọ́ ọ kí awò tó dé.