Abẹ́rẹ́ Ṣáínà kì í so iṣan tó já

Bí obìnrin tó ń gúnyán tà nítòsí Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò bá lè gbé ọmọ odó sókè mọ́, làkúrègbé ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n tún ń sọ fún irú wọn pé kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní acupuncture. Wọ́n ní ibi tó bá ti ta èèyàn jù ni iṣan ti já, àti pé tí ìrora bá ti lọ, iṣan ti so nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ náà kò ní oògùn nínú, kò tilẹ̀ nihò. Ó lè mú kí ara tu èèyàn fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń rán iṣan.

Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú mọ́ èjìká. Èyí tó wà lókè pátápátá ló sábà máa ń bàjẹ́, ẹ̀tàn rẹ̀ sì pọ̀: òkè èjìká ló wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ apá, níbi tí wọ́n ti ń gún ọ̀pọ̀ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni ìrora rẹ̀ máa ń jáde sí. Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ lé ìrora kiri ti ṣìnà nìyẹn.

Àwọn oníṣègùn ìdárayá (physiotherapist) á ní kí ẹ gbé apá láti ẹ̀gbẹ́ lọ sókè. Tó bá ń dùn láàárín ìwọ̀n 60 sí 120 (apá tó nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, tó ṣe déédéé èjìká, jẹ́ 90), tó sì fúyẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, iṣan yìí ni wọ́n á fura sí. Skáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, lè fi ibi tó ya hàn. Òun náà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ o: ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 60 ọdún ni iṣan wọn ya tí wọn kò mọ̀.

Ìtọ́jú gan-an ni eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 12. Ó máa ń súni, mo mọ̀. Wọ́n ń ṣe é ní LAUTECH Teaching Hospital àti ti Bowen, níbí nílé. Ẹni tó ṣubú tí apá rẹ̀ kò gbéra mọ́ kò gbọdọ̀ jókòó ti abẹ́rẹ́ kankan. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ ló kàn, bó bá sì pẹ́ jù, àtiso iṣan náà á le.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ abẹ́rẹ́ náà kún un, mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà rí i pé ojú yín ni wọ́n ti já ọ̀rá rẹ̀. Tí wọ́n bá gún un jìn jù lórí èjìká, ó lè dá ẹ̀dọ̀fóró lu. Bí èémí bá ń há yín láyà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.