Fíìmù Kérésì Tó Lẹ́wà Ju Ìtàn Inú Rẹ̀ Lọ

Fíìmù tí kò dára rárá kì í dùn mí. Mo ti rí wọn tó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé àwòrán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ìlewò, Abẹ́òkúta. Èèyàn á rẹ́rìn-ín, á gbàgbé. Èyí tó máa ń dùn mí ni èyí tó kù díẹ̀ kó dára. The Nutcracker and the Four Realms, tí Disney gbé jáde ní oṣù Belu ọdún 2018, wà lára wọn. Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, àwọn oníbàárà á máa bi mí ní fíìmù tí tọmọdé tàgbà lè jọ wò lẹ́yìn ìrẹsì Kérésì. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fi àlàyé tì í lẹ́yìn. Àlàyé ọ̀hún nìyí, kí n má baà máa tún un sọ lórí fóònù.

Nutcracker ni ère sójà onígi tí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ ń fọ́ èso eléèpo líle. Ká ní ìyá àgbà kan ní Ìtòkú ló fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ ni, Apèkùrọ́ ni ì bá pè é. Ìtàn náà ti pẹ́. E.T.A. Hoffmann, ará Jámánì, ló kọ ọ́ ní 1816; orin tí Tchaikovsky ará Rọ́ṣíà ṣe fún ijó ballet (ijó orí ìtàgé tí wọ́n fi ń sọ ìtàn láìsọ̀rọ̀) tí wọ́n fà yọ lára rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jó sí ní St. Petersburg ní 1892. Nínú fíìmù yìí, Clara, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ti kú, gba ẹyin onírin kan tí ìyá náà fi sílẹ̀ dè é. Ẹyin ní ojú àgádágodo, kò ní kọ́kọ́rọ́. Níbi tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri lálẹ́ tí Kérésì ku ọ̀la, ó já sí ayé mìíràn tó ní ìlú mẹ́rin: ti yìnyín, ti òdòdó, ti àádùn, àti ìkẹrin tí àwọn mẹ́ta tó kù ń sá fún. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n ní ó jẹ ọbabìnrin ibẹ̀ rí.

Ojú á jẹun níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Linus Sandgren tó ya àwòrán rẹ̀ lo fíìmù gidi, ọ̀já tí wọ́n ń ki sínú kámẹ́rà, ti mílímítà 35, kò lo káàdì bíi tiwa. Ẹ wo bí iná ṣe ń bà lé ara èèyàn níbi àríyá ìbẹ̀rẹ̀, kò le, kò ta sí ojú. Aṣọ tí Jenny Beavan ṣe fún wọn, ẹni tó ń rán aṣọ á fẹ́ dá a dúró kó tún un wò. Eku ńlá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún eku kéékèèké ló kóra jọ dà á. Lil Buck, oníjó ará Amẹ́ríkà, ló jó o kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà gbé ijó náà wọ àwọn eku. Ìran tó sì ṣí fíìmù, níbi tí Clara ti fi òfin Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, nípa bí nǹkan ṣe ń rìn dẹ pańpẹ́ eku, kì í ṣe eré lásán. Ọgbọ́n ẹ̀rọ yẹn náà ló fi bọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ mọṣẹ́.

Sójà Apèkùrọ́ fúnra rẹ̀ ni Jayden Fowora-Knight ṣe. Nígbà tí Fowora gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, ariwo tó sọ nílé wa, ẹ ò bá rò pé ìbátan wa ni.

Ibi tó ti já wàyí. Mo fẹ́ tú àṣírí ìtàn, kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ fo ìpínrọ̀ yìí. Sugar Plum, olórí ìlú àádùn tí Keira Knightley ṣe, ni ọ̀dàlẹ̀ gidi, kì í ṣe Mother Ginger, olórí ìlú kẹrin, tí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà wá látìbẹ̀rẹ̀. Kí ló ń bí i nínú? Ìyá Clara tó fi ẹ̀rọ sọ àwọn ọmọlangidi di èèyàn ló padà sí ayé tirẹ̀, tó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: obìnrin kan ṣoṣo ni Sugar Plum àti Clara ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan fi ìbànújẹ́ di aṣebi, èkejì ò lè bá bàbá rẹ̀ jó níbi àríyá. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, gbólóhùn díẹ̀ ni wọ́n sì fún un. Wọ́n yára padà sídìí ẹ̀rọ àti ogun sójà onípáànù. Ká ní orí kọ̀ǹpútà mi ló wà ni, ìdajì ogun yẹn ni mi ò bá gé, kí àwọn méjèèjì lè rí ìṣẹ́jú márùn-ún fi sọ̀rọ̀ ìyá. Dípò bẹ́ẹ̀, Clara dọ́gbọ́n sí ẹ̀rọ, Sugar Plum padà di ọmọlangidi, ó tán. Ẹnì kan ò sunkún rẹ̀.

Ijó náà jọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá mi tó ń pàlọ́ fún wa ní Aké kì í kọrin àlọ́ lásán. Nínú àlọ́ Olúrónbí, inú orin ni gbèsè ti jáde. Ẹni tó bá sùn lásìkò orin ò ní mọ ohun tó dé bá ìyá ọmọ. Misty Copeland wà nínú fíìmù yìí, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò oníjó àgbà ní American Ballet Theatre, ní 2015. Ó fi ijó sọ bí àwọn ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ mi, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ìtàn ń lọ bí ẹni pé kò jó rí. Ìgbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè ló tó tún jó. Ìlú yìnyín àti ti òdòdó ńkọ́? A rí wọn bí ẹni tó wọ ọkọ̀ gba Láfẹ́ńwá kọjá, tó wá ní òun ti gun Olúmọ.

Lasse Hallström ló darí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún àwọn apá kan yà, kò ráyè, Joe Johnston ló wá fi bí oṣù kan yà wọ́n, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà lórí fíìmù. Títún àwòrán yà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwa náà ń ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá ọbẹ̀ lórí iná, iyọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí. Owó tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù 120 dọ́là, èyí tó wọlé káàkiri ayé ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 174. Ẹ má pe ìyẹn ní èrè o: àwọn ilé sinimá á mú bí ìdajì, owó ìpolówó ò sì sí nínú 120 yẹn.

Bí ẹ bá máa wò ó pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ẹ jókòó tì í. Àwọn aláwàdà tó ń jáde látinú ara wọn ní ìlú Mother Ginger lè ba oorun jẹ́. Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, kò sí wàhálà, ìṣẹ́jú 99 péré ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, yíjú sí mi nígbà tí Sugar Plum di ọmọlangidi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ ni?" Mo dá fíìmù dúró, a sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ìyá rẹ̀ lọ tí kò padà wá, ọ̀rọ̀ náà sì gùn débi pé iná lọ mọ́ wa lórí. Ọjọ́ kejì la tó rí ibi tí Clara àti bàbá rẹ̀ ti jó sí orin inú ẹyin náà, orin tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ jọ jó sí. Ẹ má ṣe sùn kó tó débẹ̀.