Dída oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù nù láìséwu ní Èkìtì

Oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù ni èyí tí àgbẹ̀ tàbí onílé rà tàbí pò tí kò lò tán. Èyí tó kù sísàlẹ̀ ìgò wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ti pò mọ́ omi, omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀rọ ìfín-oògùn, àti ike tó ti ṣófo. Oògùn apakoríko, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó, oògùn eku, ọ̀tapiápiá àti fílíìtì, abẹ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí kòkó, iṣu, ìrẹsì, àgbàdo àti gbágùúdá ti jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, ó ṣòro kí èèyàn dé abà kan kó má bá irú ike bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òrùlé tàbí nídìí igi.

Omi ni ewu rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá. Orí àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì wà, inú erùpẹ̀ àti òkúta jíjẹrà tó bo àpáta náà ni ọ̀pọ̀ kànga sì ti ń rí omi, láìjìn púpọ̀. Oògùn tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tàbí tí wọ́n rì mọ́ inú kòtò lè bá òjò débẹ̀. Ti odò tún lé ní tiẹ̀. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ kó tó ṣàn gba Òṣogbo kọjá, nítorí náà ẹni tó bá fọ ẹ̀rọ rẹ̀ sódò kékeré tó ń wọ Ọ̀ṣun, inú omi ẹlòmíràn ló fọ̀ ọ́ sí. Gamalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ kòkó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan tún ń dà sódò láti fi pa ẹja. Lindane tó wà nínú rẹ̀ kì í tètè parẹ́ nínú ilẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi kà á mọ́ àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè parẹ́, fòfin dè ní 2009.

Ọ̀nà tó dára jù lọ ni kí oògùn má ṣẹ́kù rárá. Kí àgbẹ̀ tó po oògùn, kó kọ́kọ́ bu omi lásán lítà 5 sínú ẹ̀rọ, kó fín in bó ṣe máa ń rìn gan-an lóko, kó sì fi okùn wọn ibi tí omi náà tó. Bó bá tó mítà 25 lóòró àti mítà 10 níbùú, a jẹ́ pé ẹ̀rọ lítà 20 kan máa tó ìlọ́po mẹ́rin ibẹ̀. Oko tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà kò gbà ju ẹ̀rọ kan àti ààbọ̀ lọ, kò sídìí tí wọ́n á fi po ẹ̀rọ méjì. Bí èyí tí wọ́n pò bá ṣì kù, orí ohun ọ̀gbìn kan náà ni kí wọ́n fín in sí lọ́jọ́ náà, níbi tí oògùn kò tíì dé, láìkọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀rọ náà, oko kan náà ni kí wọ́n fín in sí.

Ike tó ṣófo kò tíì mọ́. Bí oògùn bá ti tán nínú rẹ̀, kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹnu ẹ̀rọ títí yóò fi kán tán, kí wọ́n bu omi sí i dé ìdá mẹ́rin rẹ̀, kí wọ́n dé e, kí wọ́n mì ín fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n sì da omi náà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lu ihò sí ìdí ike náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún lò ó. Fífọ̀ yìí kò sọ ọ́ di ohun tí a lè bu epo pupa, kẹrosíìnì tàbí omi mímu sí. Kò sì yẹ kí wọ́n dáná sun ún, torí èéfín rẹ̀ lóró.

Oògùn tí ìjọba ti fòfin dè yàtọ̀. NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, ó sì fòfin de atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025; oògùn apakoríko ni àwọn méjèèjì. Irú èyí kì í ṣe ohun tí a ń fín tán kó má bàa ṣòfò. Inú ìgò tirẹ̀ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé ara rẹ̀, nínú àpótí tí wọ́n tì, jìnnà sí oúnjẹ àti yàrá, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ADP (ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀) tàbí àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ náà nípa ibi tí wọ́n lè kó o lọ. Kí wọ́n má ṣe da oríṣi oògùn méjì pọ̀ sínú ìgò kan.

Nínú ilé, agolo fílíìtì kò gbọ́dọ̀ wọ iná, torí ó lè bú gbàmù. Kóró oògùn tí wọ́n ń fi sínú àpò ẹ̀wà àti àgbàdo máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde bí ọ̀rinrin bá kàn án, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ sùn sí yàrá tí ó bá wà. Èyí tó burú jù lọ ni dída ọ̀tapiápiá sínú ìgò omi tàbí ìgò ohun mímu, torí ọmọdé kì í ka ìwé ara ìgò. Bí ẹnìkan bá ti mu ún, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń làágùn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kí wọ́n má fún un ní epo pupa, kí wọ́n má sì fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, kí wọ́n sì mú ìgò oògùn náà dání, torí orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni dókítà máa fi mọ ìtọ́jú tó yẹ.